Fíìtì Méjìlá

Ọlọ́run dá mi ga, kò sì fi nǹkan mìíràn tì í. Láti ìgbà èwe ni mo ti ń tẹríba kí n tó wọ yàrá bàbá mi, tí àwọn àlejò ń rò pé ẹ̀kọ́ ilé ló pọ̀ lára mi. Láti ìgbà náà ni n kò ti fi bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ti ara mi mọ́ nílùú Ìwó. Tí mo bá gba Odò-Orí kọjá lọ́jọ́ ọjà, "Ọlájùwọ́n!" ni tọmọdé tàgbà ń pè mí, títí kan àwọn tí wọn kò tíì bí nígbà tí Hakeem Ọlájùwọ́n bá Houston Rockets gba ife ẹ̀yẹ NBA ní 1994, tó sì tún bá wọn gbà á ní 1995. Wọn a ní, "Ṣé ẹ ṣì ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì yín?" Èmi a rẹ́rìn-ín, n ó ní, "Àgbà ti dé." Ẹ yẹ ìdáhùn yẹn wò dáadáa, kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀. Àgbà ti dé lóòótọ́. Básíkẹ́ẹ̀tì ni kò dé rí.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé ètò òkú àgbà. Àwọn ọmọ Yunifásítì Bowen máa ń wá di ìwé ìwádìí wọn lọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú wọn ló bi mí lọ́jọ́ kan pé ẹgbẹ́ wo ni mo gbá fún nígbà ayé mi. Mo ní Ìbàdàn ni, nítorí pé Ìbàdàn tóbi, kò sẹ́ni tó lè tọ pinpin ọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó ní, "Ṣé Oluyole Warriors ni sà?" Mo mí kanlẹ̀, mo ní kó jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, mo ti di àgbà ọ̀jẹ̀ Oluyole Warriors káàkiri gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Ìmí kanlẹ̀ ni mo mí.

Mo tún ní ọ̀rọ̀ tí mo fi ń tu ara mi nínú. Ọlájùwọ́n tí a ń wí yìí, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1963, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló kọ́kọ́ ń gbá. Ó ti ń lọ sí bí ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Muslim Teachers' College kó tó máa gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Nítorí náà, ẹni tó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ kò tíì sọ ìrètí nù. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà tí mò ń sọ èyí fún ara mi.

Ṣọ́ọ̀bù bábà kan ní Òkè-Àdán ni wọ́n ti wá fi mí joyè. Oṣù karùn-ún ọdún 2024 ni. Rivers Hoopers ti Port Harcourt wà ní Dakar, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù nínú BAL, ìdíje àwọn kíláàbù ilẹ̀ Áfíríkà tí NBA àti FIBA jọ dá sílẹ̀. Ọmọ-iṣẹ́ bábà gbé fóònù ti dígí, gbogbo ẹni tó ń dúró láti gé irun sì ń na ọrùn wò ó. Ẹnì kan bèèrè pé ta ni àwọn wọ̀nyí. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Gbogbo wọn kàn yíjú sí mi ni, bábà sì gbé ẹ̀rọ kúrò lórí oníbàárà rẹ̀ kí ariwo rẹ̀ má baà bo ohùn mi. Ìdajì orí ọkùnrin náà ló ti fá. Òun náà ń dúró de ọ̀rọ̀ mi.

Mo ní, "Ẹgbẹ́ ńlá ni wọ́n." Mo wá rántí pé mo ní iṣẹ́ nílé.

Lóru ọjọ́ náà, mo ka ìtàn Hoopers lórí fóònù títí bátìrì fi kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù láìní irun tí mo fẹ́ gé. Mo sọ fún wọn pé Royal Hoopers ni wọ́n ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, pé gbọ̀ngàn tí wọ́n fi orúkọ Alfred Diete-Spiff sọ, gómìnà ológun àkọ́kọ́ tó jẹ ní Ìpínlẹ̀ Rivers, ni ilé wọn ní Port Harcourt, pé KingsMen ni àwọn olólùfẹ́ wọn ń kì wọ́n. Mo sọ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ṣí BAL gan-an, ní 16 oṣù karùn-ún 2021 ní Kigali, Hoopers wà níbẹ̀. Àwọn àti Patriots ti Rwanda ló kojú ara wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Mo wá ní, "Ẹ sì mọ ẹni tó wà nínú Patriots lọ́jọ́ náà? J. Cole. Olórin Amẹ́ríkà yẹn."

Ọmọ-iṣẹ́ bábà fò sókè. Ó ní irọ́ ni. Mo ní kó wò ó lórí fóònù rẹ̀. Òótọ́ ni: J. Cole gbé orin sílẹ̀, ó lọ bá wọn gbá bọ́ọ̀lù ní Rwanda, ó jẹ póìntì mẹ́ta, Patriots sì fi 83 sí 60 na àwọn ọmọ wa. Ọdún náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Hoopers borí, GNBC ti Madagascar ni wọ́n nà, wọn kò sì kọjá ìpele àkọ́kọ́. Zamalek ti Íjíbítì ló gba ife náà lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, bí Hoopers bá ti gbá tán lálẹ́, èmi ni wọ́n ń dúró dè láàárọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé kíkà ni mo kà á. Wọ́n ṣe ipò kìíní ní Dakar, wọ́n lọ sí Kigali fún ìpele ìkẹyìn, wọ́n lé Monastir ti Tùnísíà tó gba ife náà ní 2022 jáde. Àwọn ará Líbíà, Al Ahly ti Benghazi, ló dá wọn dúró kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Wọ́n wá na Cape Town Tigers, wọ́n gba ipò kẹta. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó tíì dé ibẹ̀ rí nínú BAL, olùkọ́ wọn, Ogoh Odaudu, ni wọ́n sì mú ní olùkọ́ tó dára jù lọ lọ́dún náà. Ní Òkè-Àdán, èmi ni wọ́n kí kú oríire. Mo gbà á. Bábà ò gba owó irun lọ́wọ́ mi mọ́, "Kóòṣì" ló sì ń pè mí.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe kan ilé-ìwé girama kan nínú ìlú, tí n kò níí dárúkọ nítorí pé ọwọ́ wọn mọ́ nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé-ìwé náà àtijọ́ tó ń gbé ní Houston fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n ṣe pápá básíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ. Wọ́n da kankéré, wọ́n fa ìlà. Ó wá ku òpó àti agbọ̀n. Alhaji tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì ọ̀gá-àgbà. Wẹ́ídà kan láti Mólété ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù àti bírò.

Alhaji ní, "Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Báwo ni agbọ̀n ṣe ń ga tó sílẹ̀?"

Tí mo bá ní kí n lọ wò ó wá, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Kò sí. Wọn ì bá dúró dè mí, wọn ì bá tún ra míníráàsì fún mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí mo ṣe ga tó lórí àga tí mo jókòó sí. Ẹni tó bá ga tó báyìí kò lè dá iye kékeré. Mo ní, "Fíìtì méjìlá." Wẹ́ídà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun kí àríyànjiyàn má baà wà lọ́la. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, mo sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀.

Fíìtì mẹ́wàá ni. Láti 1891 ni, nígbà tí James Naismith kan agbọ̀n èso mọ́ bálíkónì gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní Springfield nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí bálíkónì náà sì ga ní fíìtì mẹ́wàá. Kò tíì yí padà láti ìgbà náà, ì báà ṣe ní Luanda tàbí ní Port Harcourt. Gbogbo ohun tí mo ti kà lóru nípa Hoopers, kò sí èyí nínú rẹ̀, bóyá nítorí pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Èmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ kó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìṣíde. Olùkọ́ básíkẹ́ẹ̀tì gidi kan ni wọ́n pè láti Èkó. Èmi, ìwé ètò nìkan ni mo gbà láti tẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo tò ó tán, ojú ìwé ẹ̀yìn ṣófo. Atẹ̀wé tó bá mọ iṣẹ́ kì í fi ojú ìwé sílẹ̀ lófo, nítorí náà mo ní kí n fi ìtàn ṣókí nípa ẹgbẹ́ Nàìjíríà nínú BAL sí i kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan kọ́. Mo ya tábìlì: 2021, Rivers Hoopers, ìpele àkọ́kọ́. 2023, Kwara Falcons, àwọn ará ilé wa ní Ìlọrin, wọ́n lọ sí Dakar. 2024, Rivers Hoopers, ipò kẹta. 2022 wá ṣófo láàárín.

Mo fẹ́ wò ó. Iná ò sí, fóònù mi ti kú, jẹnẹrétọ̀ tó ń fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń jẹ epo lórí owó mi, ọmọ-iṣẹ́ mi sì ń bèèrè pé ṣé kí òun tẹ̀ ẹ́. Ààyè òfìfo kan láàárín tábìlì, bí ẹ kì í bá ṣe atẹ̀wé, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń yọ èèyàn lẹ́nu. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "2022, Rivers Hoopers, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá." Ó dọ́gba. Tábìlì náà dára gan-an.

Lọ́jọ́ ìṣíde, kánópì ti dúró, kúlà ìrẹsì ti dé, àwọn ọmọ ti tò láti aago mẹ́sàn-án. Aago mẹ́wàá kọjá, olùkọ́ Èkó kò dé. Nígbà tó yá, fóònù Alhaji dún. Ọkùnrin náà ní òun ti dé Ìwó tipẹ́, òun wà lábẹ́ bíríìjì, òun ò rí ẹni tó wá gbé òun. Nígbà tó ti dárúkọ bíríìjì ni gbogbo wa ti mọ̀: Ìwó Road, n'Ìbàdàn, ló já a sí. Ìyá oníbọ́ọ̀lì kan ti ń fi ilé-ìwé mìíràn hàn án. Àlejò tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí pọ̀, mo rò pé ó yẹ kí ìjọba gbé pátákó kan síbẹ̀ láti fi bẹ̀ wọ́n.

Alhaji gbé fóònù sílẹ̀, ó wo òkè, ìyẹn ni pé ó wò mí. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ̀yin náà kúkú wà níbí."

Èmi náà ti ń retí i. Kí ni mo wá wọ agbádá wá fún? Agbádá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni, aṣọ-òkè tòun tòótọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ sí i láti àyà dé ìdodo. Òun nìkan ni àna mi tó ga bíi tèmi, òun náà kì í sì í yá ènìyàn láṣọ. Ìyàwó mi ló lọ bẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó ní, "Sọ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ ọbẹ̀ nínú rẹ̀ o."

Wọ́n gbé máíkì fún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹgbẹ́ Dodan Warriors àti Ebun Comets l'Èkó, mo bọ́ sórí Hoopers, mo dárúkọ J. Cole, àwọn ọmọ hó yèè. Ìhó yẹn ló bà mí jẹ́. Mo ṣí ìwé ètò, mo ní kí gbogbo wọn yí i sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé 2022, mo fi máíkì kan ẹnu, mo ní, "Ọdún yìí, ojú mi báyìí ló ṣe é. Ní Kigali. Mo jókòó níbi tí mo ti ń gbọ́ bí bàtà wọn ṣe ń dún nílẹ̀."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè ní ìlà kejì. Tínínrín ni, awò tó wà lójú rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Mo rò pé ó fẹ́ bèèrè bí Kigali ṣe rí.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan nínú BAL ní 2022."

Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó dìde, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Ó ní láti 2017 ni ìjà ti wà lórí ẹni tí yóò máa darí àjọ bọ́ọ̀lù agbọ̀n wa, pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2022 gan-an ni ìjọba Buhari kéde pé Nàìjíríà kò níí kópa nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì kankan lókè òkun fún ọdún méjì, pé wọ́n yí i padà lóṣù tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó yí i padà FIBA ti gbé ààyè àwọn obìnrin wa nínú ìdíje àgbáyé fún Mali. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán láìmí. Ó wá bi mí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, "Ta lẹ wá wò ní Kigali, sà?"

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn máa ń gbé èémí. Gbogbo pápá ló gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

Mo ní, "Kì í ṣe àwọn àgbà wọn. Àwọn ọmọ wọn kékeré ni."

Ó ní, "Ṣé BAL àwọn ọmọdé wà ni, sà?"

Ọlọ́run ló fi Alhaji sáyé fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó já máíkì gbà lọ́wọ́ mi, ó ní àkókò ti lọ, kí Kóòṣì bọ́ síwájú wá ju bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kí pápá di ṣíṣí. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Mo rò pé mo ti yọ.

Wọ́n mú mi dúró sídìí ìlà tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ẹ̀bi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbójú sókè wo agbọ̀n náà láti ọjọ́ tí wẹ́ídà ti ri òpó mọ́lẹ̀. Ó jìnnà o. Mo rò pé ojú mi ni. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di bọ́ọ̀lù mú nísàlẹ̀ ikùn, mo bẹ̀rẹ̀, mo sì jù ú bí ẹni ń ju iṣu sókè fún ẹni tó wà lórí lọ́rì. Agbádá bò mí lójú. N kò rí ibi tí ó gbà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "gbà!" lára pátákó, lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan mọ́. Nígbà tí mo ṣí agbádá kúrò lójú, gbogbo ènìyàn ń wo òkè. Bọ́ọ̀lù náà há sáàárín irin agbọ̀n àti pátákó. Kò wọlé, kò jábọ́.

Ẹni tó ń darí ètò ní kí á pàtẹ́wọ́ fún Kóòṣì. Àwọn kan pa á.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yọ irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ rọrùn: wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀lù mìíràn sọ ọ́ láti abẹ́ ni. N kò mọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rò ó bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọ̀gá ni mí, mo sì ga. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé, "Kóòṣì, ẹ fò! Kóòṣì, ẹ fò!" Mo nawọ́ sókè díẹ̀, mo ṣe bí ẹni ń wọn ọ̀nà. Tí mo bá nawọ́ tán, ó lé ní fíìtì mẹ́jọ. Ẹ ṣe ìṣirò ìyókù fúnra yín.

Mo fò. Mo gbọdọ̀ sọ pé mo fò. Ẹnì kan tó jókòó nítòsí sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rí àlàfo kankan láàárín bàtà mi àti ilẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí i pé mo sapá.

Òpó náà ní irin kan tó dábùú láti fi gbè é lẹ́sẹ̀, ó dọ́gba orúnkún mi. Mo ní kí n gùn ún. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, mo na ara lọ, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, ó ku bí apá kan péré. Ibẹ̀ ni bàtà yọ̀. Mo ń bọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n apá agbádá kò bá mi bọ̀: bóòtù kan tí wẹ́ídà kò gé orí rẹ̀ ti gbá a mú. Fún ìwọ̀nba àkókò kan, agbádá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nìkan ló gbé mi dúró. Aṣọ-òkè le, mo gbà fún àwọn ahunṣọ. Ó dún "fàá" láti èjìká dé ìbàdí kó tó jẹ́ kí n lọ. Mo jókòó gbọinrin sórí kankéré. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí àwọn ará Ìwó wò mí láti òkè.

Àwọn olùkọ́ méjì sáré wá gbé mi. Ọmọ aláwò yẹn náà sáré wá, mo rò pé ó wá bẹ̀ mí. Orí òpó ló tẹjú mọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, agbọ̀n yìí ga jù. Fíìtì mẹ́wàá ló yẹ kó jẹ́."

Wẹ́ídà dìde lábẹ́ kánópì tòun ti abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ba òun lórúkọ jẹ́ o, òun ò fi fíìtì kan dín, òun ò fi fíìtì kan lé. Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa ìwé kan yọ tó ti ká sí mẹ́rin, ó gbé e fún Alhaji. Alhaji kà á sókè láìmọ̀ pé máíkì ṣì wà lẹ́nu òun: "Fíìtì méjìlá." Ó yí ìwé náà, ó wo ìfọwọ́sí, ó wò mí nílẹ̀ níbi tí mo wà. Kò sọ nǹkan kan. Alhaji jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́.

Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Odò-Orí, tó bá ọmọ ọmọ rẹ̀ wá. Èmi ni mo tẹ káàdì ọgọ́ta ọdún rẹ̀. N kò mọ̀ pé ó ti gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé-ìwé rẹ̀ l'Èkó nígbà tó wà lọ́mọge. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, bóyá nítorí pé kò ga. Ó bọ́ bàtà, ó tú gèlè, ó fi gbájá mọ́ ìró, ó ní kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù kejì. Ó sún mọ́ abẹ́ agbọ̀n, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọwọ́ kan ṣoṣo tì í sókè. Bọ́ọ̀lù kejì gbá ti àkọ́kọ́ nídìí, méjèèjì jọ bọ́ sílẹ̀. Ariwo tí àwọn ọmọbìnrin pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ dé Gídígbó.

Ó ní, "Atẹ̀wé, mo ka ìwé yín. Ẹ kọ Hoopers, ẹ kọ Falcons, ẹ tún ṣẹ̀dá ọdún kan fún wọn. Àwọn obìnrin First Bank ńkọ́?"

Mo ní, "Alhaja, ẹ má bínú."

Ó ní, "Elephant Girls gba ife àwọn kíláàbù Áfíríkà ní 2003. Wọ́n tún gbà á ní 2009. Ife o, Atẹ̀wé, ipò kìíní. Ẹ̀yin ń fi ipò kẹta ya tábìlì." Ó gbé bàtà rẹ̀. "Àwọn obìnrin wa sì ti gba ti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra láti 2017 dé 2023, wọ́n wọ kọtafáínà Òlíḿpíìkì ní Paris. Kò sí ẹgbẹ́ Áfíríkà kan tó ṣe é rí, ọkùnrin àtobìnrin. Ẹ̀yìn ìwé yín gbà wọ́n, àbí kò gbà wọ́n?"

Ì bá gbà wọ́n. Ìlà 2022 nìkan ì bá gba First Bank.

Wẹ́ídà gbé ìwé owó iṣẹ́ wá sọ́dọ̀ mi, kì í ṣe sọ́dọ̀ ilé-ìwé: gígé fíìtì méjì kúrò lára òpó méjì, títún un jó, dísíìkì, dísẹ́ẹ̀lì jẹnẹrétọ̀, àti owó ọkọ̀ láti Mólété. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo san án. Ó kó àwọn irin tó gé kúrò fún mi nítorí pé ẹni tó bá sanwó ló lẹrù, ìyàwó mi sì ń fi wọ́n dá okùn aṣọ dúró lẹ́yìnkùlé. Olùkọ́ Èkó dé ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n lọ pàdé rẹ̀ n'Ìbàdàn kó má baà tún ṣìnà. Alhaja ló ń bá a kó àwọn ọmọbìnrin jọ báyìí, lọ́jọ́ tí kò bá sí ọjà. Wọ́n fún mi níṣẹ́ nínú rẹ̀. Èmi ni mò ń tẹ nọ́ḿbà sí wọn lẹ́yìn jẹ́sì, ọmọ aláwò yẹn ló sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó tẹ̀ ẹ́.

Agbádá ni kò rí bẹ́ẹ̀ rọrùn. Télọ̀ tí mo gbé e fún wò ó títí, ó bi mí bóyá ìjà ni. Ó wá fi okùn iṣẹ́ ọnà tuntun bo ojú ibi tó ya, láti èjìká dé ìbàdí, bí ẹ kò bá sì mọ̀, ẹ ó rò pé bí wọ́n ṣe rán an nìyẹn. Ìyàwó mi gbé e padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò rántí pé iṣẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ti pẹ́ tó ti wọ̀ ọ́ ni. N kò rán an pé kó sọ bẹ́ẹ̀, àjọgbé ni.

Ọjọ́ Iléyá, ẹ̀gbọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí yídì, èmi àti òun sì jọ ń rìn lọ, àwa méjèèjì ga ju gbogbo èrò lọ. Nígbà tí a dé ẹ̀bá ilé-ìwé náà, àwọn ọmọ kan tí wọ́n jókòó sórí ògiri dìde dúró. Ọ̀kan nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ agbádá ẹ̀gbọ́n, ó ké pé, "Fíìtì méjìlá!" Àwọn yòókù gbà á, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i.

Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó wo aṣọ ara rẹ̀, ó wo àwọn ọmọ náà, ó wá wò mí. "Kí ni wọ́n ń wí?"

Mo ní, "Gíga yín ni wọ́n ń wí, ẹ̀gbọ́n. Ọmọdé ni wọ́n, wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n."